Ìwé Tó Ń Sùn Lábẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìwé ń gbé lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán ní Adó-Èkìtì, kó má tíì lọ sí ilé ìtàwé. Kó wọ yàrá olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kó wo kọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì tó wà lọ́nà Ìwòròkó. Kó wo yàrá kékeré tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Páálí ni yóò bá níbẹ̀, ìwé ni yóò sì bá nínú páálí: ìtàn ìgbésí ayé bàbá kan, ìtàn ìlú, àkójọ ìwàásù, ewì, ìwé ẹ̀kọ́. Ikán ti jẹ òmíràn. Òmíràn ṣì wà nínú ọ̀rá tí ilé ìtẹ̀wé fi dì í.

Ẹ má wí pé àwọn ará Èkìtì kì í kàwé. Ìpínlẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1996 yìí ní yunifásítì ti ìjọba ìpínlẹ̀ ní Adó, ti ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́, ti Afẹ́ Babalọlá lọ́nà Ìjàn, àti Póólì ti ìjọba àpapọ̀ lójú ọ̀nà Ìjàn kan náà. Christ's School ti ń tọ́ ọmọ jáde láti 1933. Niyi Osundare, akéwì tí gbogbo ayé mọ̀, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni. J. F. Ade Ajayi tó kọ ìtàn Nàìjíríà fún wa, ọmọ Ìkọ̀lé ni. Àwọn tó ń kọ̀wé pọ̀, àwọn tó ń kà á náà kò wọ́n. Ìṣirò ilé ìtẹ̀wé ló gbé ìwé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí. Òǹkọ̀wé á gbé iṣẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, á ní igba ẹ̀dà lòun fẹ́. Atẹ̀wé á ṣí i wò, á ka ojú ìwé rẹ̀, á tẹ fóònù fún ìṣirò díẹ̀, á gbójú sókè. "Bàbá, igba yẹn á wọ́n jù fún yín. Ẹ jẹ́ ká kúkú tẹ ẹgbẹ̀rún kan. Owó ẹyọ kan á wálẹ̀ dáadáa." Kò parọ́ rárá. Lórí ẹ̀rọ ọ́fúsẹ́ẹ̀tì, pléètì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n á de pléètì mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n á da yíǹkì sí i, wọ́n á sì fi bébà ṣòfò títí yíǹkì yóò fi dúró bó ṣe yẹ. Owó pléètì àti wàhálà yìí kò yí padà, ì báà jẹ́ ìwé mẹ́wàá, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni èèyàn fẹ́ tẹ̀. Bí ìwé bá ṣe pọ̀ tó ni owó náà ṣe ń tàn ká. Nítorí náà òǹkọ̀wé tó mọ ọgọ́rùn-ún èèyàn tó lè ra ìwé rẹ̀ á tẹ ẹgbẹ̀rún, nítorí kí ọgọ́rùn-ún yẹn má bàa wọ́n.

Ibi tí owó ti ń padà wá ni ìkójáde ìwé. Ẹni tó bá ti dé gbọ̀ngàn kan ní Adó ní ọ̀sán Sátidé mọ bó ṣe ń rí. Tábìlì gíga, aṣọ àǹkárá kan náà lára ẹbí, alága ètò, ẹni tó máa yẹ ìwé wò, tí yóò sì yẹ̀ ẹ́ wò títí oúnjẹ á fi tutù, lẹ́yìn náà ni olórí àwọn tí yóò fi owó ṣí ìwé náà. Ọ̀gá yìí á gba ẹ̀dà kan, á san iye tó lè ra ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà. Àwọn àǹtí àti ọmọ ẹgbẹ́ Christ's School á tẹ̀lé e pẹ̀lú àpò ìwé tiwọn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, owó atẹ̀wé ti wọlé, èrè díẹ̀ sì ti wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé òǹkọ̀wé ni wọ́n náwó fún, ìwé kọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tó sanwó kò ní ka ojú ìwé kejì. Bí owó sì ti wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo yẹn, kò sí ohun tó tún ń lé òǹkọ̀wé kiri pé kó ta ẹgbẹ̀rin ìwé tó ṣẹ́ kù. Ọjọ́ tí wọ́n kó ìwé náà jáde ni iṣẹ́ rẹ̀ parí.

Nínú irú ayé báyìí ni ìròyìn ìtẹ̀wé tuntun dé bá wa, èyí tí wọ́n fi ń tẹ ìwé bí oníbàárà bá ṣe béèrè, ẹyọ kan, ẹyọ kan. Kì í ṣe ohun àná. Ní 1997, Ingram, alágbàtà ìwé ńlá ní Amẹ́ríkà, dá Lightning Print sílẹ̀ ní La Vergne, ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Ohun tí wọ́n rò kò ju pé kí wọ́n máa tọ́jú fáìlì dípò kí wọ́n máa tọ́jú ìwé. Bí ẹnì kan bá sanwó ẹ̀dà kan, ẹ̀rọ á tẹ ẹ̀dà kan, á fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, á gé etí rẹ̀, ó di inú páálí, ó di ọ̀nà. Kò sí pléètì, kò sí ilé ìkẹ́rùsí. Bob Young, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Red Hat sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ Lulu, ilé-iṣẹ́ fún irú ìtẹ̀wé yìí, ní 2002. Amazon ra BookSurge tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní 2005, ó dà á pọ̀ mọ́ CreateSpace nígbà tó yá, ó sì da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ KDP, ẹ̀ka ìtẹ̀wé tirẹ̀, ní 2018. KDP yìí ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé wa mọ̀.

Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé síbẹ̀, ohun tó sì kọ́kọ́ ń fa èèyàn mọ́ra nìyẹn. Fáìlì inú ìwé, fáìlì èèpo rẹ̀, orúkọ, iye owó, ó parí. Ẹ jẹ́ ká wá fi iye owó ọdún 2025 ṣe ìṣirò fún ẹni tó wà ní Baṣírì tàbí Àjílóṣùn ní Adó. Ká mú ìwé olójú ewé 200, yíǹkì dúdú, tí òǹkọ̀wé fi dọ́là 12 lé lórí ní Amazon.com. Ìpín òǹkọ̀wé jẹ́ 60 nínú 100, ìyẹn $7.20. Wọ́n á yọ owó ìtẹ̀wé kúrò nínú rẹ̀: dọ́là 1 lórí ìwé, àti sẹ́ǹtì 1.2 lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ $3.40. Ó ku $3.80. Nàìjíríà kò ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú Amẹ́ríkà, nítorí náà ìjọba ibẹ̀ á mú 30 nínú 100 kúrò nínú èyí tó ṣẹ́ kù. Ó ku $2.66. Ní ọdún 2025, tí dọ́là kan ju ₦1,400 lọ, iye yẹn ju ₦3,700 lọ. Kò burú fún ẹni tí kò ná kọ́bọ̀ lórí bébà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi owó pọ́ọ́kú tà kí èrò lè pọ̀, kó ṣọ́ra. Láti ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìwé tí owó rẹ̀ kò tó $9.99 ní Amazon.com, 50 nínú 100 ni ìpín òǹkọ̀wé rẹ̀. Bí ìwé wa yìí bá jẹ́ dọ́là 8, $4 ni ìpín, $3.40 lọ sí ìtẹ̀wé, sẹ́ǹtì 60 ló kù, Amẹ́ríkà á sì mú tirẹ̀ kúrò nínú sẹ́ǹtì 60 náà. Èèyàn á ta ọgọ́rùn-ún ìwé, kò ní rí dọ́là 45. Owó náà kì í sì í yá. Nǹkan bí ọgọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn tí oṣù tí wọ́n ra ìwé bá parí ni wọ́n tó ń san án, ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Nàìjíríà sì ni Payoneer, ilé-iṣẹ́ tó ń fi owó ránṣẹ́, ń bá gbà á kó tó dé ọwọ́ wọn.

Mo fi ìṣirò yìí síwájú nítorí àwọn tó ń ta ẹ̀kọ́ lórí WhatsApp pé èèyàn lè jókòó sí Adó kó máa pa dọ́là lóṣooṣù láti ara ìwé tí kò kọ. Wọ́n á ní kó gbé ìwé àkọsílẹ̀ òfìfo jáde, tàbí kó ní kí ẹ̀rọ kọ ọ́ fún un. Àwọn tó ń ta ẹ̀kọ́ náà ni mo rí tó ń jèrè jù.

Ọ̀rọ̀ tó tún ṣe pàtàkì ju owó lọ ni ti ọ̀nà. Amazon kò ní ọjà ìwé ní Nàìjíríà. Bí ẹnì kan ní Ìlawẹ̀ bá fẹ́ ra ìwé ẹni tó ń gbé Àràmọ̀kọ lórí Amazon, ìwé tí kò ju wákàtí kan lọ sílé rẹ̀, ó máa san owó fún ìtẹ̀wé ní òkè òkun, ó máa san owó ìfiránṣẹ́ tó lè ju owó ìwé lọ, ó sì nílò káàdì tó lè san dọ́là. Kò sí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ìtẹ̀wé bí oníbàárà bá béèrè, bí Amẹ́ríkà ṣe ṣe é, kò tíì sí fún ará ilé. Ọmọ Èkìtì tó wà ní Houston, ní London, ní Toronto ló wà fún. Fún ìyẹn, ó dára púpọ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lókè òkun tó fẹ́ ìtàn ìlú bàbá wọn fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ kò ní dúró de ẹni tó ń bọ̀ láti ilé pẹ̀lú ìwé mẹ́wàá nínú àpò tó ti kún fún ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ. Wọ́n á tẹ fóònù wọn, ìwé á dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn atẹ̀wéjáde ńlá ní Nàìjíríà ti mọ èyí tipẹ́. African Books Collective, tí àwọn atẹ̀wéjáde ilẹ̀ Áfíríkà dá sílẹ̀ ní 1985 tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Oxford, ń bá Malthouse, Kraft Books àti àwọn mìíràn tà sí òkè òkun, ẹ̀rọ tó ń tẹ ìwé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló sì gba ẹrù ńlá kúrò lórí wọn.

Fún àwa tó wà nílé, ẹ̀rọ mìíràn ni. Ó ti wọ Adó, àwọn atẹ̀wé ń pè é ní DI tàbí dígítà. Kò nílò pléètì. Láti inú kọ̀ǹpútà ni fáìlì ti ń lọ tààrà sí ẹ̀rọ, bí ìgbà tí fọ́tòkọ́pì bá gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká dúró ti atẹ̀wé kan ká wo bó ṣe ń ṣe ìwé ogún. Bébà ń jáde láti inú ẹ̀rọ, ó gbóná lọ́wọ́. Ọmọ iṣẹ́ á to ó, á fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lu tábìlì kó lè dọ́gba. Wọ́n á ha ẹ̀yìn rẹ̀ kí gọ́ọ̀mù lè dì í mú. Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ nìyí: bí gọ́ọ̀mù kò bá gbóná tó, tàbí tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ lágbedeméjì, ìwé náà á dára lójú, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹni tó rà á bá là á sí méjì kó lè kà á, ojú ewé 45 á já bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn gọ́ọ̀mù, wọ́n á fi èèpo bò ó, wọ́n á gbé e sábẹ́ gílótìnì. Ọ̀bẹ náà á sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, etí ìwé á mọ́ bí ẹni fá irun. Òǹkọ̀wé tó bá gbọ́n á gba ẹ̀dà kan ṣoṣo kọ́kọ́, á là á, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á gbọ̀n ọ́n, kó tó ní kí wọ́n ṣe mọ́kàndínlógún yòókù.

Ìwé ogún lórí DI wọ́n ju ogún nínú ẹgbẹ̀rún ti ọ́fúsẹ́ẹ̀tì lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó ogún nìkan ni èèyàn ná. Bí ogún bá tà, á padà lọ tẹ ogún mìíràn, á sì lè tún àṣìṣe tó wà ní ojú ewé 12 ṣe kó tó padà. Ẹni tó tẹ ẹgbẹ̀rún kò lè tún un ṣe mọ́, àfi kó fi báírò tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ti rí ìwé bẹ́ẹ̀. Bébà náà tún wà níbẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ bébà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Jebba, ní Ìwopin àti ní Oku Iboku kò pèsè bébà ìwé fún wa mọ́. Láti òkè òkun ni bébà ń wá, pẹ̀lú dọ́là. Nígbà tí náírà ṣubú láti oṣù Kẹfà 2023, owó bébà gòkè láàárín ìgbà tí òǹkọ̀wé gba iye owó lẹ́nu atẹ̀wé àti ìgbà tó máa fi kó owó dé. Ẹni tó fi gbogbo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tẹ ẹgbẹ̀rún ìwé ní àkókò yẹn ti ra bébà olówó iyebíye pamọ́ fún ikán.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń kọ́ni ní ìtẹ̀wé orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sọ, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ̀wé: àmì ohùn. Kọ̀ǹpútà mọ lẹ́tà ẹ, lẹ́tà náà ní nọ́mbà tirẹ̀. Ó mọ é, òun náà ní nọ́mbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́, tó ní àmì lórí tó tún ní àmì nísàlẹ̀, kò ní nọ́mbà kan ṣoṣo nínú Unicode, àkójọ nọ́mbà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà ń mú ẹ, tó ń gbé àmì òkè lé e lórí. Bí fọ́ńtì bá mọ iṣẹ́, àmì á jókòó síbi tó yẹ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, àmì á ṣí lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, tàbí kí àpótí kékeré òfìfo jókòó sí àárín ọ̀rọ̀. Ní ọ̀dọ̀ atẹ̀wé ní Adó, ọmọ iṣẹ́ tó gbọ́ Yorùbá lè rí i, kó pe òǹkọ̀wé. Ní Tennessee, kò sí ẹni tó máa wò ó. Ẹ̀rọ á tẹ àpótí òfìfo náà, á fi ránṣẹ́ sí Houston.

Ohun tó ń yọ èèyàn nínú rẹ̀ kò le. Kí wọ́n lo fọ́ńtì tí wọ́n ṣe fún irú èdè wa. Gentium àti Charis tí àjọ SIL ṣe jẹ́ ọ̀fẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́ di PDF, kí wọ́n rí i pé fọ́ńtì náà wọ inú fáìlì pátápátá, kí wọ́n sì ka PDF náà lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, kì í ṣe orí èyí tí wọ́n fi ṣe é. Lẹ́yìn náà kí wọ́n wo èèpo. Mélòó nínú ìwé Yorùbá ni inú rẹ̀ ní gbogbo àmì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì wà ní ìhòòhò, nítorí pé ẹni tó ya èèpo fẹ́ràn fọ́ńtì aláràbarà kan tí kò mọ ọ̀! Ẹni tó fẹ́ gbé ìwé tó jẹ́ Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lọ sí KDP tún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ àkójọ èdè tí wọ́n ń gbà wò. Nígbà tí mo wò ó, mo bá Welsh, mo bá Afrikaans, èmi kò bá Yorùbá. Ẹni tí èyí kàn lè wá ilé-iṣẹ́ mìíràn, ṣùgbọ́n kó mọ̀ kó tó fi oṣù kan to fáìlì.

Àwọn kan ń wo títẹ ìwé ara ẹni bí ohun tí ẹni tí atẹ̀wéjáde ńlá kọ̀ ń ṣe. Wọn kò mọ ìtàn. Òǹkọ̀wé Flora Nwapa dá Tana Press sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 nígbà tó ti di olókìkí. Saros International, tí Ken Saro-Wiwa fi gbé Sozaboy jáde ní 1985, tirẹ̀ ni. Àwọn ìwé pélébé tí wọ́n ń tẹ̀ ní Onitsha lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn òǹkọ̀wé àti atẹ̀wé kéékèèké ọjà ló ń ṣe é. Èyí tó jọ mí lójú jù nínú wọn ni ti Isaac Thomas. Ní 1929 dé 1930 ló ń gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde ní ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ nínú Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tirẹ̀, bíi pé obìnrin kan ló ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ láti orí ibùsùn àìsàn. Gbogbo Èkó ń dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìgbà tí wọ́n ti ń bi ara wọn léèrè ohun tó tún ṣẹlẹ̀ ló tó sọ ọ́ di ìwé. Ó ti ní òǹkàwé kó tó ní ìwé. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé wa ń ṣe òdìkejì rẹ̀.

Èyí ni mo fẹ́ kí òǹkọ̀wé Adó mú nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń tẹ ẹyọ kan ti gba wàhálà páálí kúrò. Ṣùgbọ́n kò bá òǹkọ̀wé wá ẹni tó máa ra ẹyọ kan ọ̀hún. Bí èèyàn bá ní ẹgbẹ́ lórí WhatsApp, ti ìjọ tàbí ti ọmọ ìlú, kó gbé orí kan síbẹ̀ lọ́sẹ̀, kó wo bóyá wọ́n ń béèrè orí kejì. Bí wọ́n bá béèrè, kó gba owó lọ́wọ́ wọn ṣáájú, kó tẹ iye tí wọ́n san. Bí wọn kò bá béèrè, ọgbọ́n ni pé kó tún un kọ. Olóòtú tó mọ Yorùbá tún wọ́n ju atẹ̀wé lọ, owó tí òǹkọ̀wé kò ná sórí bébà mọ́, ibẹ̀ ló yẹ kó ná an sí. Mo mọ̀ pé kò dùn mọ́ni láti gbọ́. Ìkójáde dùn jù.

Kó má sì fi gbogbo ẹrù rẹ̀ sọ́wọ́ ẹnì kan. Okadabooks, tí Okechukwu Ofili bẹ̀rẹ̀ ní 2013, tó jẹ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Nàìjíríà ti ta ìwé orí fóònù àkọ́kọ́ wọn, ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní òpin oṣù Kọkànlá 2023. Ẹni tó ní fáìlì rẹ̀ lọ́wọ́ gbé e lọ síbòmíràn. Ẹni tí kò ní in, ìwé rẹ̀ lọ. Bákan náà ni ISBN, nọ́mbà ìdánimọ̀ ìwé. Èyí tí KDP ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀dọ̀ wọn nìkan ló wúlò. Èyí tí òǹkọ̀wé gbà lọ́wọ́ National Library of Nigeria, tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978, tirẹ̀ ni, ó sì lè gbé e dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé yòówù. Òfin ilé ìkàwé yẹn, tó ti wà láti 1970, ní kí atẹ̀wéjáde fi ẹ̀dà mẹ́ta ìwé kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí wọn. Ẹni tó tẹ ìwé ara rẹ̀ ti di atẹ̀wéjáde, ó kàn án.

Níbi tí mo rò pé ẹ̀rọ yìí ti máa ṣe Èkìtì láǹfààní jù lọ, kì í ṣe nínú ìwé tuntun rárá. Inú ìwé àtijọ́ ni. Ní àwọn ọdún 1950, Bàbá Anthony Oguntuyi, àlùfáà ìjọ Àgùdà, kọ ìtàn Adó-Èkìtì, ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Àkúrẹ́, Aduralere, ló sì tẹ̀ ẹ́. Ní 1979 ni History of Ekiti tirẹ̀ jáde ní Ìbàdàn láti ọ̀dọ̀ Bisi Books. Kò sí ẹni tó ń kọ ìwé lórí Èkìtì ní yunifásítì tí kò tọ́ka sí ìwé wọ̀nyí, ṣùgbọ́n kí ọmọ Adó kan lọ wá ẹ̀dà tuntun láti rà, kó wá sọ ohun tó rí fún mi. Ìlú tó pọ̀ ní Èkìtì ló ní irú òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀: olùkọ́, katikíìsì, akọ̀wé ọba, tó jókòó ti àwọn àgbà, tó kọ orúkọ ọba àti ìdílé sílẹ̀, tó tẹ ọgọ́rùn-ún mélòó kan, tó kú. Ọ́fúsẹ́ẹ̀tì kò lè tún wọn tẹ̀, nítorí kò sí ẹgbẹ̀rún èèyàn tó máa rà wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ tó ń tẹ ẹyọ kan lè ṣe é.

A ti rí bí ìwé ṣe ń ṣòfò nígbà tí ẹ̀dà rẹ̀ bá ṣọ̀wọ́n. Samuel Johnson parí ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba, ó sọnù síbẹ̀. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù. Nígbà tí wọ́n tún fi ránṣẹ́ ní 1916, àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ọkọ̀ ojú omi Appam tó gbé e. 1921 ni ìwé náà tó jáde. Ká ní Obadiah kò ní sùúrù, a kò ní í.

Ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ báyìí kì í ṣe ẹ̀rọ, ẹbí ni. Òfin Copyright ti 2022 ní ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé wà títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn tó bá kú. Nígbà tí bàbá bá kú, àwọn ọmọ á pín ilé, wọ́n á pín ilẹ̀, wọ́n á jà lórí oko kòkó, kò sì ní sí ẹni tó rántí pé ìwé tí bàbá kọ náà jẹ́ ogún. Nítorí náà kò sí ẹni tó lè tún un tẹ̀ láìgba àṣẹ, kò sì sí ẹni tó mọ ọwọ́ ta ni àṣẹ wà. Àwọn mìíràn ń ṣe é lọ́nà ẹ̀bùrú, wọ́n ń fọ́tòkọ́pì ìwé àtijọ́, wọ́n ń tà á fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹbí òǹkọ̀wé kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín kọ ìtàn ìlú, ẹ pe ìpàdé ẹbí lórí rẹ̀. Ẹ wo ìwé àdéhùn bí ó bá wà, kí ẹ mọ̀ bóyá atẹ̀wéjáde kan ṣì ní àṣẹ lórí rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnì kan báyìí ni yóò máa bójú tó ìwé náà ní orúkọ gbogbo yín, kí ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ wá ẹ̀dà tó mọ́ jù lọ, ẹ ya àwòrán rẹ̀ lójú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan tó mọ Yorùbá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ẹ gba ISBN. Ẹ tẹ mẹ́wàá ní Adó, ẹ fi mẹ́ta ránṣẹ́ sí National Library, ẹ fún ilé ìkàwé yunifásítì Adó àti ti Ọ̀yẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbé fáìlì rẹ̀ sí ibi tí ọmọ ìlú tó wà lókè òkun ti lè rà á. Bí ẹ kò bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ mọ ẹni tó ní in. Ẹ bi í léèrè.